Ta Ni Ìwé Orúkọ Yín Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀ Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì?

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ra ilẹ̀ tí kò ní béèrè ìwé. Bí ilẹ̀ náà kò tiẹ̀ ju àbọ̀ púlọ́ọ̀tì lọ, a ó pe ẹlẹ́rìí, a ó gba rìsíìtì, a ó sì tẹjú mọ́ ọn dáadáa pé orúkọ tiwa ni wọ́n kọ sí i, kì í ṣe orúkọ ẹni tó bá wa dúnàá dúrà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí à ń sanwó fún lónìí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè ìwé rẹ̀ rárá. Orúkọ tí iṣẹ́ wa ń jẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. A ó kọ orúkọ náà sára ọkọ̀, sára báàgì, sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, a ó sì kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá bi wá pé lọ́wọ́ ta ni ìwé rẹ̀ wà, a ó máa wo ara wa lójú ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó àti àwọn báńkì ńlá nìkan mọ́. Aláṣọ ní ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì, oníléèwé aládàáni ní, ṣọ́ọ̀ṣì ní, mọ́ṣáláṣí ní, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Kánò àti ní Pọtakọ́tù náà ti ní. Owó tó ń bá a lọ kò pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń fojú kékeré wò ó. A kò rántí pé ohun tí owó rẹ̀ kò pọ̀ yìí ni a so gbogbo òkìkí iṣẹ́ wa mọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Orúkọ lọ́tọ̀, ilé lọ́tọ̀. Orúkọ ni ohun tí oníbàárà yóò tẹ̀ sínú fóònù rẹ̀ kó tó rí yín, irú èyí tó parí sí .com tàbí .com.ng. Òun ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní domain name. Ilé ni kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, níbi tí àwòrán àti ọ̀rọ̀ yín wà gan-an. Yíyá àyè nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hosting. Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀, èèyàn kò sì lè há gbogbo nọ́ńbà sórí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Paul Mockapetris, fi gbé ètò kan kalẹ̀ lọ́dún 1983, èyí tó ń bá wa wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nítorí ètò yìí, ẹni tó bá kó kúrò ní ilé kan lọ sí òmíràn kò ní láti yí orúkọ padà. Yóò kàn ní kí orúkọ náà máa júwe ilé tuntun ni, oníbàárà kò sì ní mọ̀ pé wọ́n ti kó ẹrù.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbòǹgbò ohun tí mo fẹ́ sọ. Ilé ṣeé kó kúrò, ilé ṣeé tún kọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó lè má padà wá mọ́.

Ohun kejì tó yẹ ká mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń ra orúkọ yìí rà pátápátá. Yíyá là ń yá a. Ọdọọdún ni owó rẹ̀ ń dé, ẹni tó bá sì ń yá .com kò lè san ju ti ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ alágbàtà la ti ń gbà á. Alágbàtà ni yóò fi orúkọ wa ránṣẹ́ sí ibi tí ìwé àkọsílẹ̀ gan-an wà. Fún .com, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Verisign ní Amẹ́ríkà ni ìwé náà wà. Fún .ng tiwa, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní NiRA ló wà, àwọn ni wọ́n sì ń fọwọ́ sí alágbàtà tó bá fẹ́ máa tà á.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa wá bá a, ó ní, “Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ jẹ́ ká gbé ọjà yín sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.” Ìyá ní, “Ọmọ mi, èló ni yóò ná mi?” Wọ́n dúnàá dúrà, ó wọ̀. Ọmọ yìí fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà, orúkọ ara rẹ̀ ló kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni orúkọ náà, káàdì báńkì tirẹ̀ ló sì fi sanwó. Kì í ṣe olè, kò sì ní èrò ibi lọ́kàn. Ó kàn fẹ́ kí iṣẹ́ tètè yá ni. Ìkànnì jáde, ó rẹwà, oníbàárà ń pè láti Àbújá, wọ́n ń pè láti Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ rí físà, ó di Kánádà. Káàdì tó wà lọ́dọ̀ alágbàtà kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì sí ẹni tó ń yẹ ímeèlì àtijọ́ yẹn wò mọ́.

Àjọ ICANN, tó ń ṣe kòkárí irú orúkọ bíi .com káàkiri ayé, ti là á sílẹ̀ pé alágbàtà gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ ìkìlọ̀ sí ẹni tó ni orúkọ ní nǹkan bí oṣù kan kí ọjọ́ tó pé, kó tún ránṣẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó pé, kó sì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tó bá ti pé. Alágbàtà ṣe ojúṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ránṣẹ́ sí? Ímeèlì ọmọ tó ti lọ sí Kánádà ni. Ìyá tó ni iṣẹ́, tó ni òkìkí, tó ni oníbàárà, kò gbọ́ gbìnrín.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e rèé, bí orúkọ bá jẹ́ .com. Láàárín ọjọ́ 45 àkọ́kọ́, alágbàtà lè ṣì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí nǹkan tún máa lọ. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó dúró tó bẹ́ẹ̀, òmíràn sì lè gbé orúkọ náà lọ sí gbàǹjo láàárín àkókò yìí. Bí alágbàtà bá ti yọ ọwọ́ rẹ̀, ó ku ọgbọ̀n ọjọ́ tí èèyàn lè fi rà á padà, ṣùgbọ́n owó ìràpadà yìí a máa wọ́n ju owó ọdọọdún lọ fíìfíì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ márùn-ún péré ló kù, nínú èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè rí nǹkan kan ṣe sí i. Bí ọjọ́ márùn-ún bá pé, ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ ló ni ín. Àwọn kan sì wà láyé yìí tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ orúkọ tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n lè gbé tẹ́tẹ́ sí i, wọ́n lè gbé àwòrán ìhòòhò sí i. Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá ṣì wà níbẹ̀, orúkọ náà ṣì wà lára báàgì rẹ̀, ó sì ń darí àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ sí ilé tẹ́tẹ́.

Ẹlòmíràn yóò ní ṣé kò sí òfin ni? Òfin wà. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015, sọ ní abala 25 pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba orúkọ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn láìtọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kì í yá, lọ́yà kì í ṣiṣẹ́ lásán, ìwé tí ilé ẹjọ́ yóò sì kọ́kọ́ wò ni ìwé tí orúkọ ìyá kò sí nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀wé ló fà á. Ní àsìkò Kérésìmesì ọdún 1999, ilé iṣẹ́ Microsoft gan-an gbàgbé láti san owó orúkọ passport.com, ojú ọ̀nà tí àwọn tó ń lo ímeèlì Hotmail ń gbà wọlé. Dọ́là 35 péré ni. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà tí kò sí lábẹ́ wọn ló fi káàdì tirẹ̀ bá wọn san án. Lóṣù kẹrin ọdún 2021, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ajẹntínà rí i pé orúkọ google.com.ar wà fún títà, ó san 270 péésò, orúkọ náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí Google tó gbà á padà. Àwọn wọ̀nyí ní lọ́yà, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Kí ni ká wá sọ nípa aláṣọ òfì?

Àní odidi orílẹ̀-èdè pàápàá ní láti mọ ọwọ́ tí ìwé orúkọ rẹ̀ wà. Ọdún 1995 ni .ng bẹ̀rẹ̀, Yaba College of Technology ní Èkó sì ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2004, ìwé bọ́ sọ́wọ́ NITDA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọdún 2009 ló tó dé ọwọ́ NiRA, ẹgbẹ́ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 2005. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni, ìwé kan ṣoṣo, ọwọ́ mẹ́ta.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkíní, kí orúkọ yín tàbí orúkọ iléeṣẹ́ yín, bí ẹ ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, jẹ́ èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni orúkọ. Ẹni tó bá yín ṣe ìkànnì lè bá yín tẹ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n iwájú yín ni kó ti ṣe é. Èkejì, kí ímeèlì tó wà lọ́dọ̀ alágbàtà jẹ́ ti yín, èyí tí ẹ̀ ń ṣí lójoojúmọ́. Ẹ má sì ṣe fi ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ ìkànnì náà gan-an síbẹ̀, nítorí ọjọ́ tí orúkọ bá kú, ímeèlì náà kú nìyẹn, ẹ kò sì ní rí ìkìlọ̀ gbà. Ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú ilé ni ẹ fi ara yín ṣe yẹn. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ password àkáǹtì yín sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹ̀ ń kó ìwé ilé pamọ́ sí, kí ọmọ tàbí aya tàbí ọkọ yín sì mọ ibẹ̀. Ikú kì í ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ kò sì yẹ kó bá ẹni tó dá a sílẹ̀ wọ sàréè. Ẹ̀kẹrin, bí agbára bá gbé e, ẹ san ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí yóò pé sára kàlẹ́ńdà.

Ní ti yíyan orúkọ, àwọn àgbà ti sọ ọ́, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì ìdá kékeré tó ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ nìkan ni ètò yìí mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; kò mọ àmì ohùn, kò mọ lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré. Èdè Yorùbá sì rèé, àmì ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tó wá kọ “oko” sílẹ̀, ó lè jẹ́ oko àgbẹ̀, ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ó sì tún lè jẹ́ èyí tí n kò ní kọ síhìn-ín. Lóòótọ́, ètò tuntun wà tó gba àmì láàyè nínú àwọn orúkọ kan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà a máa yí i padà sí àdìtú lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì lórí fóònù. Nítorí náà, ẹ yan ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣi ìtumọ̀ bí a bá bọ́ àmì lára rẹ̀. Ẹ tún kíyè sí ṣ. Ẹni tó gbọ́ Adéṣọlá lórí rédíò, ṣé Adesola ni yóò tẹ̀ ni àbí Adeshola? Bí owó bá tó, ẹ gba méjèèjì, kí ẹ jẹ́ kí ọ̀kan máa darí èèyàn sọ́dọ̀ èkejì. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kó ṣeé pè lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù láìsí pé ẹ̀ ń tún un sọ.

Ìrù rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ayé ló mọ .com, ṣùgbọ́n dọ́là ni owó rẹ̀. Iye tí Verisign ń gbà lọ́wọ́ alágbàtà fi dọ́là 7.85 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, ó sì di 10.26 lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Láàárín àkókò kan náà, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú náírà rí. Náírà ni wọ́n fi ń san .ng àti .com.ng, ó sì tó fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà nílé. Àwọn iléèwé ní .sch.ng tiwọn. Ará ilé wa ní Kùtọnu ní .bj, ti Lomé ní .tg. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún ni ọ̀fẹ́. Ilé iṣẹ́ Freenom ní Netherlands pín orúkọ ọ̀fẹ́ fún ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún, lára rẹ̀ ni .ml tó jẹ́ ti Málì àti .ga tó jẹ́ ti Gàbọ́ọ̀nù. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, Gàbọ́ọ̀nù gba .ga rẹ̀ padà, orúkọ tó tó mílíọ̀nù méje sì pòórá. Lọ́dún 2024, Freenom kéde pé òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tí a kò sanwó fún, a kò lẹ́nu láti bèèrè rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé. Fún ìkànnì kékeré, ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, tó rọjú ní owó, ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dínwó ọdún àkọ́kọ́. Iye tí wọn yóò gbà ní ọdún kejì ni kí ẹ béèrè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín nítorí àmì àgádágodo tó ń fi hàn pé ìkànnì ní ààbò. Ó ṣe pàtàkì lóòótọ́, nítorí pé láti oṣù keje ọdún 2018 ni Chrome ti ń kọ ọ́ síwájú ìkànnì tí kò ní in pé kò láàbò. Ṣùgbọ́n láti ìparí ọdún 2015 ni àwọn Let's Encrypt ti ń fún aráyé ní ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ onílé ló sì ń fi í kún ẹrù wọn láìgba kọ́bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé yìí ni oníbàárà yín pọ̀ sí, ilé tó wà ní Èkó ní àǹfààní tirẹ̀: lóṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bà jẹ́ ní etí Abidjan, ohun tó wà ní òkè òkun ni ó kọ́kọ́ ṣòro láti dé.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ní ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí ìkànnì yín lọ́wọ́ ara yín. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé kọ̀ǹpútà OVH ní ìlú Strasbourg, ilẹ̀ Faransé. Ilé kan jó tán pátápátá. Ẹni tó ní ẹ̀dà níbòmíràn kó lọ sí ilé tuntun, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé onílé nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rí nǹkan kan mú jáde nínú eérú.

Àwọn kan yóò sọ pé Facebook àti WhatsApp ti tó àwọn. Ó dára, ẹ máa lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó kó gbogbo iṣẹ́ wọn sórí GeoCities, tí Yahoo tì pa lóṣù kẹwàá ọdún 2009. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí. Onílẹ̀ ní òun fẹ́ ilẹ̀ òun, ó parí.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìkànnì pe ẹni tó bá a ṣe é, kí ó fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: Orúkọ ta ló wà nínú ìwé? Ímeèlì ta ni ìkìlọ̀ ń lọ? Ọjọ́ wo ni owó tún pé? Níbo ni ẹ̀dà wà? Bí ìdáhùn bá tẹ̀ yín lọ́rùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, nítorí ọmọlúàbí ni. Bí kò bá sì tẹ̀ yín lọ́rùn, ẹ gba ìwé yín báyìí tí ohùn rẹ̀ ṣì ń dé etí yín lórí fóònù. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, àmọ́ ẹni tó bá ni ín ló gbọ́dọ̀ di ìwé rẹ̀ mú.